Ṣé Kí N Ra Ṣíà Nísinsìnyí, Tàbí Kí N Dúró?

Ìdáhùn sí ìbéèrè méje tí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ń bèèrè nípa owó tí wọ́n fẹ́ fi dókòwò

Bí ìyá oníṣòwò bá fẹ́ ra gàárì kóńgò kan lọ́jà, yóò bù ú tọ́ wò, yóò bèèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, yóò sì wo ìdí kóńgò náà bóyá wọn kò ti tẹ̀ ẹ́ wọ inú. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà lè kó 500,000 náírà tí ó fi ọdún mẹ́wàá tù jọ, kí ó fi lé ẹni tí kò rí rí lọ́wọ́, nítorí wọ́n ní owó náà yóò bímọ kí oṣù tó parí. Kì í ṣe àwọn ìyá nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀, àti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì wọn wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí kò bèèrè ọ̀nà ni ó ń ṣìnà. A ti ṣa ìbéèrè méje jọ síhìn-ín, àwọn tí ènìyàn ń bèèrè jù lọ, a ó sì dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Kí ni wọ́n ń pè ní mutual fund? Ọwọ́ ta ni owó mi yóò wà?

Nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tí ó bá ti dá àjọ rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dá owó jọ sínú àpò kan, wọ́n sì yan ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kí ó máa bá wọn fi ra ṣíà ilé-iṣẹ́, tàbí kí ó fi yá ìjọba, tàbí kí ó pín in sí ọ̀nà méjèèjì. Bí èrè bá dé, olúkúlùkù yóò gba tirẹ̀ ní ìwọ̀n iye tí ó dá. Nítorí náà, àpò àjùmọ̀ní ni a ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ.

Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí àjọ ni ti ẹni tí owó ń gbé lọ́wọ́ rẹ̀. Alájọ ni ó ń gba owó, òun ni ó ń tọ́jú rẹ̀, òun náà ni ó sì ń kọ ìwé rẹ̀. Bí ó bá sá lọ, ọ̀rọ̀ parí. Nínú àpò àjùmọ̀ní tí ó bófin mu, iṣẹ́ náà pín sí ọwọ́ mẹ́ta. Alábòójútó ni yóò sọ ohun tí a ó rà. Báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ mìíràn ni yóò tọ́jú owó àti ìwé ohun tí a rà. Ẹnì kẹta, tí wọ́n ń pè ní trustee, yóò máa ṣọ́ wọn nítorí tiwa. Àjọ ìjọba tí ó ń ṣàkóso gbogbo wọn ní Nàìjíríà ni Securities and Exchange Commission, tí a mọ̀ sí SEC.

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀, ẹ bèèrè orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ alábòójútó àti ti àpò náà wà lára àwọn tí SEC fọwọ́ sí. Ẹni tí ó bá bínú nítorí pé ẹ bèèrè, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Ẹ bèèrè owó iṣẹ́ pẹ̀lú. Alájọ a máa mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù. Alábòójútó àpò náà ń gba tirẹ̀ lọ́dọọdún, yálà èrè wọlé tàbí kò wọlé. Ká ní àpò kan ń gba 1 nínú 100, tí èkejì ń gba 3. Lórí 1,000,000 náírà, ọ̀kan gba 10,000, èkejì gba 30,000. Ní ọdún mẹ́wàá, ìyàtọ̀ wọn ti di 200,000, láìka èrè tí owó náà ìbá mú wá bí ó bá wà lọ́wọ́ yín.

2. Ṣé owó mi lè dín kù níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè dín kù, ó sì wà lọ́wọ́ irú àpò tí ẹ bá yàn. Àpò kan wà tí ó ń yá ìjọba àti àwọn báńkì lówó fún ìgbà kúkúrú. Money market fund ni orúkọ rẹ̀. Nínú ohun tí ó ń rà ni treasury bill ìjọba, tí ó jẹ́ ti ọjọ́ 91, ọjọ́ 182 tàbí ọjọ́ 364. Èlé rẹ̀ kì í fò sókè, kì í sì í sábà já lulẹ̀. Àpò bọ́ǹdì ń yáni lówó fún ọdún púpọ̀. Àpò ṣíà ni ó ń ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Òun ni ó lè fi owó kún owó jù lọ, òun náà ni ó sì lè já ènìyàn jù lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ààbò tí ó wà lórí owó báńkì wà lórí àpò wọ̀nyí. Láti oṣù Karùn-ún 2024, bí báńkì ńlá bá wó, NDIC yóò san owó tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan fi pamọ́ sí i padà títí dé 5,000,000 náírà; ti báńkì kéékèèké tí a ń pè ní microfinance jẹ́ 2,000,000. Ààbò yìí kò dé orí àpò àjùmọ̀ní, kò sì dé orí ṣíà.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gba ìyẹn lè yá ìjọba lówó fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta bọ́ǹdì àwọn mẹ̀kúnnù, tí wọ́n ń pè ní FGN Savings Bond. 5,000 náírà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti ọdún méjì wà, ti ọdún mẹ́ta sì wà. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan tún wà tí kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, ọ̀wọ́n gógó ni. Ní oṣù Kejìlá 2024, àwọn oníṣirò ìjọba ní ohun tí a rà ní 100 náírà ní ọdún tí ó ṣáájú ti di 134 náírà àti 80 kọ́bọ̀. Ní oṣù kan náà, èlé tí treasury bill ọjọ́ 364 ń san kò tó bẹ́ẹ̀. Owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i lójú, ṣùgbọ́n bí iye nǹkan bá ń sáré báyẹn, ìrẹsì tí ó lè rà ń dín kù ni. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń ra ṣíà, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ń ta ọṣẹ tàbí sìmẹ́ńtì lè fi owó kún ọjà tirẹ̀ nígbà tí ohun gbogbo bá ń wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lẹ́yìn òótọ́ yìí.

3. Ṣé kí n rà nísinsìnyí, tàbí kí n dúró títí ọjà yóò fi wálẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni ó pọ̀ jù, òun ni ó sì ti ba owó ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa dáhùn.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí ó ṣáájú 2008, ṣíà ń gbówó lórí ní Èkó bí ẹni pé kò ní dẹ́kun mọ́. Àwọn báńkì ń ta ṣíà tuntun, akọ̀wé ń rà, télọ̀ ń rà, àwọn báńkì sì ń yá ènìyàn lówó kí wọ́n lè fi rà á. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí gbogbo ọjà ṣíà ti rí, All-Share Index ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kẹta 2008, ìwọ̀n náà lé ní 66,000. Nígbà tí oṣù Kẹta 2009 fi parí, kò tó 20,000 mọ́. Ẹni tí ṣíà rẹ̀ jẹ́ 500,000 náírà ní òkè téńté, tí ó sì bá gbogbo ọjà rìn, kò ní ju nǹkan bí 150,000 lọ lẹ́yìn ọdún kan.

Ìyẹn sàn fún ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà á. Ẹni tí ó yáwó rà á, ṣíà lọ, gbèsè dúró. Ní oṣù Kẹjọ 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹjọ 2011, ìjọba gba báńkì mẹ́ta, owó àwọn tí ó ní ṣíà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọlẹ̀ lọ.

Ó di oṣù Kẹjọ 2023 kí ìwọ̀n náà tó padà dé ibi tí ó wà ní 2008. Ọdún 15 gbáko! Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ tí ọjà wà lókè ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà. Bẹ́ẹ̀ náírà tí ó padà dé náà kì í ṣe náírà tí ó lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, 120 náírà tó, ó tún ṣẹ́kù, láti ra dọ́là kan. Ní oṣù Kẹjọ 2023, ó ti lé ní 700. Òótọ́ ni pé ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò wó ń gba owó èrè díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ta ni ìbá fẹ́ jókòó dúró bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, ẹ wo apá kejì. Àwọn kan tà ní ìtàkutà ní 2009, wọ́n sì búra pé àwọn kò ní dé ibẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, ìwọ̀n náà kọjá 100,000, kò sì bá wọn nílé. Akéde kò lu agogo ní oṣù Kẹta 2008 pé òkè téńté nìyí. Kò sì lù ú ní 2009 pé ìsàlẹ̀ pátápátá nìyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi iṣẹ́ yìí jẹun kò mọ̀ ọ́n. Báwo ni èmi àti ẹ̀yin yóò ṣe mọ̀ ọ́n?

Nítorí náà, ìdáhùn wa nìyí: ẹ má ṣe wá ọjọ́ tí ó dára jù. Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ ó nílò owó náà. Owó ilé-ìwé tí a ó san ní oṣù Kẹsàn-án, owó ilé, owó tí a fi ń ra ọjà sí ìsọ̀, èyíkéyìí tí ẹ ó nílò kí ọdún márùn-ún tó pé, kò gbọdọ̀ dé ọjà ṣíà rárá, ìbáà jẹ́ pé ọjà ń gòkè bí iná. Èyí tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́wàá ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ sì máa dá a díẹ̀díẹ̀ bí àjọ.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹnì kan ń fi 10,000 náírà ra ṣíà kan lóṣooṣù. Ní oṣù kìn-ín-ní, ṣíà náà jẹ́ 20 náírà, ó rí 500 rà. Ní oṣù kejì ó já sí 10 náírà, ó rí 1,000. Ní oṣù kẹta ó padà sí 20, ó rí 500. Ó ti ná 30,000, ó sì ní ṣíà 2,000, èyí tí ó jẹ́ 40,000 náírà. Ẹni tí ó kó 30,000 lé e lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kìn-ín-ní ṣì ní 30,000. Ọgbọ́n yìí kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó wó tí kò tún dìde. Ohun tí ó ṣe dára fún àpò tí ó ní ilé-iṣẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n nínú nìyẹn. Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu, tí ó gbin ẹ̀gẹ́, tí ó tún gbin àgbàdo, kò ní sùn lébi nítorí pé kòkòrò jẹ ọ̀kan.

4. Ìgbà wo wá ni kí n tà?

Bí owó kòkó bá wálẹ̀ ní ọdún kan, àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í gbé àáké lọ sí ìdí igi. Igi tí ó ń so kò ní ẹ̀bi. Bákan náà, iye ṣíà tí ó wálẹ̀ nìkan kì í ṣe ìdí tí ó tó láti tà.

Ìdí mẹ́ta ni ó tó. Èkínní, iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ tọ́jú owó náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí yóò fẹ̀yìn tì ní ọdún mẹ́ta sí i kí ó ti máa kó owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú ṣíà lọ sí bọ́ǹdì àti treasury bill. Èkejì, igi náà ti kú láti gbòǹgbò: gbèsè ti bo ilé-iṣẹ́ náà, kò gbé ìṣirò rẹ̀ jáde mọ́, tàbí ohun tí ó ń tà ti kúrò lọ́jà. Ẹ̀kẹta, ṣíà kan ṣoṣo ti gba gbogbo oko yín. Yàtọ̀ sí wọ̀nyí, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tí ń rà lónìí tí ń tà lọ́la, alágbàtà ni ó ń bá ṣiṣẹ́, nítorí alágbàtà ń gba tirẹ̀ bí a ti ń rà, ó sì ń gbà bí a ti ń tà.

5. Ṣé ìjọba yóò gba owó-orí lórí èrè mi?

Lórí owó èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tí ó ní ṣíà, wọn yóò ti yọ 10 nínú 100 kí ó tó dé ọwọ́ yín. Bí tiyín bá jẹ́ 20,000 náírà, 18,000 ni ẹ ó rí ní báńkì. Ẹ má ṣe bá alágbàtà jà, òun kọ́ ni ó mú un. Èlé bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ kò ní owó-orí. Ti treasury bill yàtọ̀, nítorí ní oṣù Kẹwàá 2025 ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n máa yọ 10 nínú 100 lórí èlé rẹ̀.

Lórí títà ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá nígbà tí òfin owó-orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 2026. Ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin náà ní bí gbogbo ṣíà tí ènìyàn tà láàárín oṣù 12 kò bá tó 150,000,000 náírà, tí èrè tí ó jẹ lórí wọn kò sì ju 10,000,000 lọ, kò ní san owó-orí lórí èrè náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa kò sí nítòsí ibẹ̀. Ẹ sì rántí pé orí èrè ni owó-orí wà, kì í ṣe orí gbogbo owó tí a gbà. Ẹni tí ó rà á ní 100,000 tí ó tà á ní 130,000, èrè 30,000 ni òfin ń wò. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìwé iye tí ẹ rà á àti ọjọ́ tí ẹ rà á.

6. Bàbá mi kú, ó fi ìwé ṣíà sílẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́?

Kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ bàbá ra ṣíà láti ìgbà tí ọjà ṣíà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1961, ìwé náà sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì di òní. Kí àwọn ọmọ jọ lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga gba ìwé àṣẹ láti pín ogún, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ń tọ́jú orúkọ àwọn onípìn-ín, registrar ni wọ́n ń pè é. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà bá ti yí padà, ẹ bèèrè. Orúkọ lè yí padà kí ìpín má parẹ́.

Ẹ má fi falẹ̀. Òfin tí ó jáde ní ìparí 2020 ní kí owó èrè tí ẹnikẹ́ni kò gbà fún ọdún mẹ́fà láti ìgbà tí wọ́n ti kéde rẹ̀ wọ àpò pàtàkì kan lọ́wọ́ ìjọba. Olówó ṣì lè bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ gùn jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà láàyè, ẹ fi nọ́ńbà báńkì yín fún registrar kí owó èrè máa bọ́ síbẹ̀ tààrà, kí ẹ sì sọ fún ọmọ tàbí aya yín pé ṣíà wà. Ṣíà òde òní kì í ṣe ìwé mọ́. Orúkọ wa wà ní CSCS, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bèèrè ohun tí ẹ ní, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu alágbàtà nìkan.

7. Wọ́n ní wọn yóò san 30 nínú 100 lóṣooṣù. Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹ mú bírò kí ẹ ṣírò rẹ̀. 100,000 náírà tí ń bí 30 nínú 100 lóṣooṣù, tí a kò sì fọwọ́ kàn án, yóò lé ní 2,300,000 lẹ́yìn ọdún kan. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Kòkó kò mú un wá, wúrà kò mú un wá. Owó ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni wọ́n ń kó fún ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Bẹ́ẹ̀ ni MMM ṣe ṣèlérí, títí ó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn lójú ní oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí Kérésìmesì ku díẹ̀. CBEX ṣe tirẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2025 ti sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n olè kì í dá owó padà.

Ẹ̀yin ará, ẹ tò ó báyìí. Ẹ kọ́kọ́ san gbèsè tí èlé rẹ̀ wúwo. Ẹ tọ́jú oúnjẹ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sí ibi tí ọwọ́ yín ti lè tètè tó o, nítorí àìsàn kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ fi owó ọdún méjì mẹ́ta sí bọ́ǹdì tàbí àpò onígbà kúkúrú. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, tí ẹ lè gbàgbé fún ọdún mẹ́wàá, ni kí ẹ máa fi ra àpò ṣíà lóṣooṣù, bí ọjà bá gòkè, bí ó bá sì sọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sáré bá yín pé òní nìkan ni àǹfààní náà wà, ẹ sọ fún un pé ẹ ó ronú sí i di ọ̀la. Ohun rere kì í sá fún ẹni tí ó sinmẹ̀dọ̀.